Àwọ̀ Àlùkò Tó Ń Tú Àṣírí: Bí Ásípírìn Ṣe Dáyé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ ara mi ṣe ásípírìn, àwọ̀ àlùkò ló dójú tì mí.

Iṣẹ́ láàbù ọdún kejì ní yunifásítì ni. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní salicylic acid gíráàmù 2, ìyẹ̀fun funfun kan tó máa ń ta nímú. A da acetic anhydride mílílítà 5 lé e, a kán sulphuric acid díẹ̀ sí i, a sì gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 15. Òórùn fínígà gba gbogbo ilé kan, ojú ń ta wá. Nígbà tí a gbé e sórí yìnyín, tí mo bu omi tútù sí i, tí mo fi igi gíláàsì ha inú ìgò náà, ńṣe ni nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí ògì tó ń tòrò. Mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kó gbẹ, inú mi dùn. Ọ̀gá wa bu bíńtín nínú rẹ̀ sómi, wọ́n kán ferric chloride, omi yẹ́lò kan tó máa ń di àlùkò tó bá kan salicylic acid, sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ló bá di àlùkò. Wọ́n ní, "Salicylic acid ṣì kún inú ẹ̀. Ìwọ náà, ṣé wàá gbé eléyìí mì?"

Mi ò gbàgbé ọjọ́ náà, torí pé bí mo ṣe ń ka ìtàn ásípírìn sí i ni mo ń rí i pé ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun tí kò mọ́ tó náà ń yọjú nínú rẹ̀.

Epo igi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ní Chipping Norton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Edward Stone tọ́ epo igi willow wò, ó sì korò. Ìkorò náà rán an létí epo igi cinchona tí wọ́n ń kó wá láti Peru fún ibà, tí owó rẹ̀ sì ga. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti di nímú rí kó lè gbé àgbo dógóyárò mì á mọ ohun tí bàbá náà ń rò. Ó tún gbà pé ibi tí àrùn bá wà, oògùn rẹ̀ kì í jìnnà síbẹ̀: etí omi tí ibà ti ń dá àwọn èèyàn gúnlẹ̀ ni willow ń hù. Ó kó epo igi náà tó nǹkan bíi pọ́n-ùn kan, ó dì í sínú àpò, ó fi í sí ẹ̀yìn ààrò oníbúrẹ́dì fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta. Ó gún un, ó sì fi wo nǹkan bí èèyàn 50. Ní 1763 ó kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àwọn ará láàbù ló bọ́ sí. Johann Buchner yọ ohun tó ń korò nínú epo igi náà ní Munich ní 1828, ó pè é ní salicin. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Raffaele Piria, ọmọ Ítálì, ti inú salicin rí salicylic acid. Hermann Kolbe ní Jámánì wá rí ọ̀nà àtiṣe é láti ara phenol, ohun tí wọ́n ń rí nínú ọ̀dà èédú. Nígbà tó fi máa di 1874, ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá Dresden ti ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu, kò sẹ́ni tó ń bó igi lára mọ́.

Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ fún làkúrègbé lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá lò ó pẹ́ á rí i: inú á máa ta á, á máa bì, etí á máa hó.

Ohun tí à ń pè ní ásípírìn lónìí ti wà láyé ní gbogbo ìgbà yẹn. Charles Gerhardt, ọmọ Faransé, ti pò ó ní 1853, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò mọ́ (bíi tèmi), kò sì sẹ́ni tó rò pé oògùn ni. Ó di 10 oṣù kẹjọ 1897 kí Felix Hoffmann tó kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ Bayer ní Elberfeld pé òun ti se salicylic acid pọ̀ mọ́ acetic anhydride fún wákàtí mẹ́ta, pé ohun tó jáde kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í jó èèyàn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Heinrich Dreser, ọ̀gá tó ń dán oògùn wò níbẹ̀, kọ̀ ọ́. Ó ní yóò ba ọkàn jẹ́. Ìgbà tó yá ló yí ohùn padà, òun náà ló sì kọ ìwé tó polówó rẹ̀ ní 1899. Aspirin ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́: "A" inú rẹ̀ dúró fún acetyl, èyí tí acetic anhydride fi kún salicylic acid, "spir" wá láti ara Spiraea, ewéko kan tí ásíìdì kan náà wà nínú rẹ̀, "in" sì ni wọ́n sábà máa ń fi parí orúkọ oògùn nígbà náà.

Ta ló ni ín gan-an? Ìtàn tí wọ́n ń sọ káàkiri ni pé Hoffmann ń wá oògùn fún bàbá rẹ̀ tí làkúrègbé ń dà láàmú. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n 1934 ló tó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé, ọdún 37 lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Arthur Eichengrün, Júù, tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, sọ pé òun lòun rán Hoffmann níṣẹ́, àti pé nígbà tí Dreser kọ̀, òun lòun dọ́gbọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn dókítà ní Berlin. Ní 1941, kírísítálì ásípírìn wà nínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù kan ní Munich, orúkọ Dreser àti Hoffmann ló wà lára rẹ̀. Ìjọba Nazi fi Eichengrün sí àgọ́ ìfìyàjẹni Theresienstadt. Ó yè é, ó kọ tẹnu rẹ̀ jáde ní 1949, ó sì kú lóṣù yẹn kan náà. Bayer ò gbà fún un títí dòní. Ní tèmi, ẹni tó lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ni ọdún 82, tí kò sí owó kankan tó lè rí níbẹ̀ mọ́, ó yẹ ká fetí sí i.

Ogun Àgbáyé Kìíní ló já ásípírìn gbà lọ́wọ́ Bayer. Ní Melbourne, George Nicholas, apoògùn kékeré kan, fi àwọn ìkòkò inú ilé ìdáná ṣe tirẹ̀, ohun tó di Aspro nìyẹn.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1971, nígbà tí John Vane ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ásípírìn kì í jẹ́ kí ara rí prostaglandin pò, èròjà tó ń mú kí ojú ibi tó ń dunni wú kó sì máa gbóná. Gbogbo ayé ti rò pé acetyl tí wọ́n fi bo salicylic acid kàn dà bí aṣọ ni, pé ikùn á bọ́ ọ sílẹ̀. Àṣé òun gan-an ló ń lọ dí ẹnu ẹ́ńsáìmù, èròjà ara tó ń po prostaglandin náà, pa. Nínú pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì, àwọn bíńtín inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kó dì, kì í ṣí mọ́ títí pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì náà yóò fi kú, ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń kọ kékeré rẹ̀ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì mú nínú iṣan ọkàn, ìdí náà ló fi léwu fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú. Ọmọdé tí ibà ń ṣe, ẹ má fún un rárá.

Mo padà yọ́ tèmi nínú ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù gbígbóná, mo jẹ́ kó tún dì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ferric chloride kò yí padà, ó dúró ní yẹ́lò rẹ̀. Nígbà ìsinmi, mo rí ìgò ásípírìn kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá àgbà mi, bóyá ó ti lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Mo ṣí i, fínígà ló ń rùn. Mo fi hóró kan sápò padà sí láàbù, mo lọ̀ ọ́ sómi, mo kán ferric chloride sí i. Kò tíì balẹ̀ tó fi di àlùkò.