Oríṣiríṣi ẹ̀dá nínú fíìmù Every Day (2018)

Every Day jẹ́ fíìmù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2018. Michael Sucsy ló darí rẹ̀. Jesse Andrews ló kọ eré náà láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí David Levithan tẹ̀ jáde ní ọdún 2012. Ìlú Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti yà á. Ìtàn náà dá lórí ẹ̀mí kan tó ń jẹ́ “A”, tí kò ní ara tirẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń jí nínú ara ọ̀dọ́ mìíràn, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ó sì fẹ́ràn ọmọbìnrin kan, Rhiannon (Angourie Rice).

Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, wọ́n lè fi ẹni tó wá láti ẹ̀yà mìíràn ṣe ọ̀rẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, kí ìtàn sì máa lọ bó ṣe ń lọ. Ti Every Day kò rí bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ara tí “A” ń wọ̀ bá jọra, ìtàn náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró. Òṣèré tó lé ní mẹ́wàá ló pín ipa kan ṣoṣo yìí ṣe, Jacob Batalon tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Philippines sì wà lára wọn.

Justice Smith, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ló ṣe Justin, ọ̀rẹ́kùnrin Rhiannon. Iṣẹ́ tirẹ̀ le, nítorí ẹni méjì ló ń ṣe: Justin gan-an, tí kò bìkítà fún ọmọbìnrin náà, àti “A”, tó lo ọjọ́ kan nínú ara rẹ̀ tó sì tẹ́tí sí i. Ojú kan náà, ohùn kan náà, ìwà nìkan ló yí padà.

Vic jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n kà sí obìnrin nígbà ìbí, ṣùgbọ́n tó mọ ara rẹ̀ sí ọkùnrin. Ian Alexander tó ṣe é jẹ́ trans, ìyẹn irú ẹni bẹ́ẹ̀, lójú ayé. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ní ọdún 2014 ni òṣèré Jared Leto, tí kì í ṣe trans, gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún irú ipa bẹ́ẹ̀. Ó kàn dunni pé ìran Vic kò gùn ni.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ya arọ́pò orúkọ ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára ti obìnrin, èyí tó ń ni ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa “A” lára. Levithan fi “èmi” kọ ìwé náà láti ẹnu “A” fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yẹn. “Ó” àti “òun” ti Yorùbá kò tilẹ̀ béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Àléébù wà níbẹ̀. Àwọn òǹkàwé kan bínú sí bí ìwé náà ṣe fi ojú àánú àti ẹ̀bi wo ọmọkùnrin kan tó sanra. Nínú fíìmù, lẹ́yìn gbogbo oríṣiríṣi ara yẹn, Alexander, tí Owen Teague tó jẹ́ òyìnbó ṣe, ni “A” fi Rhiannon sílẹ̀ fún níkẹyìn. Kókó tó tóbi jù ni pé ojú “A” la fi ń wo gbogbo àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Àwọn tó ni ara kì í sábà rí àyè sọ tẹnu wọn. Nathan (Lucas Jade Zumann) yàtọ̀: nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó sọ ọ́ ní gbangba pé èṣù ló wọ inú òun.