Bí Kábọ́nù Fáíbà Ṣe Ń Di Ìyẹ́ Rọ́kẹ́ẹ̀tì Mú

Ìyẹ́ ló ń jẹ́ kí ọfà lọ tààrà, ìyẹ́ náà, ìyẹn àwọn ohun pẹlẹbẹ tó yọ síta nídìí rẹ̀, ló sì ń jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ tààrà. Nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì tí àwọn èèyàn ń fọwọ́ ara wọn kàn fún fàájì ní Amẹ́ríkà, ìyẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ já nígbà tí eré bá pọ̀ jù. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń sún mọ́ ìyára ohùn, afẹ́fẹ́ á tẹ ìyẹ́ náà, á sì máa lọ́ ọ. Ìyẹ́ á fẹ́ padà sáyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún tì í, títí tí yóò fi máa gbọ̀n bí àsíá inú ìjì. Kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti já. Nítorí gbígbọ̀n yìí ni wọ́n ṣe ń lo kábọ́nù fáíbà, torí ó gan ju ohun tí ìwúwo rẹ̀ fi hàn lọ.

Láti ṣe kábọ́nù fáíbà, òwú ike ni wọ́n ń yan níbi tí ọ́síjìn ò sí, nínú ooru tó ju 1,000 dígírì lọ, títí ohun tó kù á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì kábọ́nù. Ọgbọ́n asunèédú náà ni: erùpẹ̀ tó fi bo igi ni kì í jẹ́ kó jóná di eérú. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá irun orí. Wọ́n á kó 3,000 irú rẹ̀ pọ̀ di òwú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní 3K, wọ́n á wá hun ún bí aṣọ òfì, ti òró àti ti ìbú. Fọ́nrán yìí gan ju ti fáíbàgíláàsì, tí wọ́n fi gíláàsì ṣe, lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ kò wúwo tó o.

Síbẹ̀ aṣọ lásán ni, ó ṣeé ká bí ìró. Epoxy, gọ́ọ̀mù onígo méjì tí wọ́n ń pò pọ̀, ló ń sọ ọ́ di líle.

Wọ́n á kọ́kọ́ lẹ ìyẹ́ mọ́ ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi epoxy tó ki dí igun tí méjèèjì ti pàdé kó má bàa mú, torí aṣọ yìí kì í fẹ́ ṣẹ́ sí igun tó mú. Wọ́n á fi sáńpépà ha gbogbo ojú rẹ̀, nítorí epoxy kì í di ibi tó ń dán mú dáadáa. Lẹ́yìn náà ni aṣọ kan ṣoṣo á bẹ̀rẹ̀ láti etí ìyẹ́ kìíní, á sọ̀ kalẹ̀, á gba orí ara rọ́kẹ́ẹ̀tì kọjá, á tún gun ìyẹ́ kejì dé etí rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá jẹ́ mẹ́ta, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni. Ìyẹ́ àti ara ti di ẹyọ kan nìyẹn.

Ibi tí òwú dojú kọ ṣe kókó. Níbi tí wọ́n bá ti fa okùn gùn ló ti lágbára. Òwú tó nà láti ìdí ìyẹ́ dé etí kì í jẹ́ kó tẹ̀, àmọ́ èyí tó dá gẹ̀rẹ́ ní dígírì 45 ni kì í jẹ́ kó lọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń tẹ́ oríṣi méjèèjì.

Epoxy àpọ̀jù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: ìwúwo ló ń fi kún un, kì í fi agbára kún un. Kí àpọ̀jù yìí lè jáde, wọ́n á fi aṣọ tí kì í lẹ̀ bò ó, wọ́n á gbé èyí tó ń fa omi lé e, wọ́n á kì í sínú náílọ̀n, ẹ̀rọ á wá fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Afẹ́fẹ́ ìta ló ń tẹ̀ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan lórí ojú tó tó èékánná, epoxy tó pọ̀ jù á sì sun jáde.

Epoxy tó gbẹ nínú yàrá lásán lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bíi 60 dígírì, bẹ́ẹ̀ ooru tí ìfararọ́ afẹ́fẹ́ ń mú wá lórí ìyẹ́ tó ti kọjá ìyára ohùn lè ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún un yan díẹ̀díẹ̀ nínú ooru kó tó fò.

Ìbòmú ṣe dandan nígbà tí wọ́n bá ń gé kábọ́nù, torí èrúkù rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Èrúkù yìí tún ń gbé iná mànàmáná: bó bá bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń sọ ìgbà tí párásúùtì yóò ṣí, ó lè ba ẹ̀rọ náà jẹ́.

Páálí àti pláíwúùdù tó fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn rọ́kẹ́ẹ̀tì yìí. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe agbára ẹ́ńjìnì wọn, agbára tó ga jù nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Láti H sókè, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ NAR tàbí Tripoli, ẹgbẹ́ méjì tó wà fún àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe fàájì ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ti H tó ń ra kábọ́nù, ẹwà dúdú rẹ̀ ló ń rà.

Kábọ́nù tó ń gbé iná yìí kan náà ló ń dínà rédíò bí irin. Ẹ̀rọ GPS tí wọ́n bá tì sínú páìpù kábọ́nù kò ní lè sọ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì balẹ̀ sí, ní aṣálẹ̀ Black Rock ní Nevada tí kò sí igi tàbí òkè nítòsí téèyàn lè fi ṣe àmì. Nítorí náà, fáíbàgíláàsì ni wọ́n fi ń ṣe imú rẹ̀, ibẹ̀ ni GPS ń gbé, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ara dúdú, imú funfun ni wọ́n ń gbé dé orí pápá.