Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Bímọ Nínú Omi, Ẹ Bi Mí Léèrè Okùn Ìwọ́

Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan ni aboyún ti jókòó síwájú mi, tó na fóònù sí mi, tó ní, "Màmá, irú èyí ni mo fẹ́." Fídíò wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ bí ọmọ ìyá ni wọ́n rí. Ìyá kan wà nínú ọpọ́n omi ńlá, àbẹ́là ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ léfòó, ó gbé e mọ́yà, ó bú sẹ́kún ayọ̀. Ìṣẹ́jú méjì, ó parí. Mo máa ń béèrè pé agbẹ̀bí dà? Wọn á tún un wò. Nígbà tó bá yá, a óò rí ọwọ́ kan tó wọ ìbọ̀wọ́, tó yọ létí ọpọ́n, tó sì tún pòórá. Ọwọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn.

Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi mí kò yàtọ̀: "Ṣé ọmọ kò ní mu omi kú?" Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn rẹ̀ kí n lè ráyè sọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Inú omi ni ọmọ ti ń gbé kó tó di pé ẹ bí i. Kì í fi imú mí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú okùn ìwọ́ kọjá ló ń gbé atẹ́gùn wá fún un. Ọmọ tí ara rẹ̀ le, tó kúrò nínú omi bọ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò tíì rí ohun tí yóò mú kó mí. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i lójú ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fa èémí. Nítorí náà, bí ìyá bá dìde tí orí ọmọ sì yọ kúrò lábẹ́ omi, kò gbọdọ̀ jókòó padà mọ́. Orí ilẹ̀ ni yóò bí ìyókù sí. Ọmọ tí atẹ́gùn kò dé ara rẹ̀ dáadáa láti inú ikùn lè ṣàdédé fa èémí lábẹ́ omi. Nítorí tirẹ̀ ni a ṣe ń fetí sí ọkàn ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà ìrọbí, tó bá sì di pé ìyá ń ti ọmọ jáde, ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Bí lílù ọkàn náà kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ó jáde. N kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí.

Àwọn tí kò yẹ kí wọ́n gbèrò rẹ̀ rárá, mo retí pé ẹ ti mọ ara yín: ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ìdí ṣáájú, ẹni tí oyún rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 37, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ẹni tí ibà mú, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ tó ń kunni lóorun.

N kò bá omi ṣọ̀tá o. Omi ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbé ara wúwo fúyẹ́, ìyá á lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, iṣan rẹ̀ á dẹ̀, ẹ̀rù á fò lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkójọ ìwádìí ìṣègùn, kó ìwádìí 15 jọ ní ọdún 2018, tí àwọn obìnrin inú rẹ̀ jẹ́ 3,663, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wọ omi nígbà ìrọbí, nǹkan bí 39 ló gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó ń pa ìrora. Nínú àwọn tí kò wọ omi, ó tó 43. Àǹfààní kékeré ni, àǹfààní sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ: nígbà ìrọbí. Ẹni tó fi omi dín ìrora kù, tó wá jáde bímọ sórí ilẹ̀, kò ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tí ọmọ rẹ̀ jáde sábẹ́ omi. Ẹ̀yin ń pe méjèèjì lórúkọ kan. Michel Odent, dókítà ará Faransé tó gbé ọpọ́n omi wọ ilé ìwòsàn Pithiviers, ìrora ló fẹ́ fi dín kù. Àwọn ìyá tí kò fẹ́ jáde mọ́ ló bí ọmọ sínú rẹ̀, títí ó fi lè kọ̀wé nípa ọgọ́rùn-ún irú ìbímọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1983. Títí di ọdún 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń gbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà ṣì ń sọ pé ẹ lè fi omi rọbí, àmọ́ kí ẹ bí ọmọ sórí ilẹ̀. Ní Ìlú Ọba, wọ́n gbà á láyè fún ẹni tí oyún rẹ̀ kò ní wàhálà, ìwádìí ńlá kan tó jáde níbẹ̀ ní 2024 sì tì wọ́n lẹ́yìn: ojú ara ìyá kò fi bẹ́ẹ̀ ya ju ti orí ilẹ̀ lọ, ewu ọmọ kò sì pọ̀ sí i.

Ohun kan ló pọ̀ sí i nínú ìwádìí yẹn, òun náà sì ni kì í jẹ́ kí n sùn. Okùn ìwọ́ já kí wọ́n tó fún un pa. Lórí ilẹ̀, nǹkan bí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún. Nínú omi, mẹ́wàá.

Ẹ fi ojú inú wò ó. Nígbà tí ẹ bá bímọ sórí ilẹ̀, ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ sọ́wọ́ mi, okùn wà níwájú mi kedere, mo rí i bó gùn, mo rí i bó bá lọ́ mọ́ ọrùn. Nínú omi, ìsàlẹ̀ ni ọmọ ń jáde sí, a óò sì gbé e láti ibẹ̀ wá sókè títí dé àyà ìyá rẹ̀. Gbogbo ìyẹn, okùn ìwọ́ ṣì so mọ́ ibi ọmọ tó wà nínú ilé ọmọ. Okùn náà sábà máa ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60, àmọ́ mo ti rí èyí tí kò tó 30. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n nígbà tó wà lábẹ́ omi? Ọwọ́ ni yóò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ṣe ń gbé ọmọ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka mi kan wà lára okùn. Bí ó bá ti ń le, mo dúró. Ọmọ á sinmi sí itan ìyá tàbí sí ikùn rẹ̀, kí imú ṣáà ti jáde kúrò nínú omi. Kò sí òfin tó ní ojú ìyá ni ọmọ gbọdọ̀ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fídíò ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí.

Ọmọ kejì ni obìnrin náà fẹ́ bí. Ara rẹ̀ le, gbogbo àyẹ̀wò ló dára. Ọkọ rẹ̀ ti lọ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ ìbímọ inú omi, ẹni tí kò gbẹ̀bí rí láyé rẹ̀. Ẹni náà kọ́ ọ pé bí ọmọ bá ti bọ́ sínú omi, kí ó já a gbà sókè kíá, pé bí ó bá fi lè pẹ́ díẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ọkùnrin náà kò sọ ọ́ fún mi. Èmi rò pé ó fẹ́ di ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú ni.

Orí ọmọ jáde, gbogbo yàrá pa rọ́rọ́. À ń dúró de ìrọbí tó kàn. Ó dé, èjìká jáde, ara tẹ̀ lé e. Kí n tó mú okùn, bàbá ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi, ó ti fa ọmọ yọ, ó gbé e ga ju orí ìyá rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i: pọ́! Omi tó mọ́ gaara di pupa fòò. Ohun tó kù lára ìdodo ọmọ kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde níbẹ̀ bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e fún un pa. Ó yọ̀. Mo tún fún un. Ọwọ́ mi kejì ń táràrà wá kílámpù, ohun tí a fi ń fún okùn ìwọ́ pa, létí ọpọ́n, ìyá ń pariwo pé kí ló dé, bàbá sì dúró gbagidi, ó ṣì na ọmọ sókè.

Ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílílítà 250 lọ. Ife kan nìyẹn. Ohun tí àgbàlagbà lè fi sílẹ̀ kó má mọ̀ lè gba ẹ̀mí ìkókó. Ọmọ náà funfun bí aṣọ ìnura tí a fi gbà á. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó yè. Ó ti ń lọ ilé ẹ̀kọ́ báyìí. N kò bínú sí bàbá rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ni mo ń bínú sí títí dòní, nítorí ó ṣì ń gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Irú àwọn ènìyàn yẹn pọ̀. Wọ́n ń ta iyọ̀, wọ́n ń ta òróró olóòórùn dídùn pé kí ẹ dà á sínú omi. Ẹ má da nǹkan kan sí i. Wọ́n ń sọ pé ọmọ tí a bí sínú omi yóò gbọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Irọ́ ni. Wọ́n ń ní kí ẹ rọ omi kún ọpọ́n ṣáájú ọjọ́ ìbímọ, kí ẹ jẹ́ kí iná máa mú un gbóná títí ìrọbí yóò fi dé. Èyí burú jù. Omi gbígbóná tó ń pẹ́ lójú kan ni kòkòrò Legionella fẹ́ràn, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, àjọ ìlera ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ nípa irú ọpọ́n ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ó ran ìkókó kan. Lọ́dún yẹn kan náà, ó pa ìkókó kan ní Texas, ní Amẹ́ríkà. Ní 2016, méjì kó o ní Arizona. Ọjọ́ ìrọbí ni kí ẹ rọ omi, kó jẹ́ tuntun, kí tẹmómítà wà nínú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá 37.5 dígírì. Ọmọ inú ikùn máa ń gbóná ju ìyá rẹ̀ lọ díẹ̀, ara ìyá nìkan ló sì lè gbé ooru náà sí. Bí ìyá bá wà nínú omi tó gbóná jù, kò sí ibi tí ọmọ yóò gbé e sí mọ́. Ìgúnpá yín kì í ṣe tẹmómítà.

Ẹ̀jẹ̀ ìyá náà ń kọ́? Lórí ilẹ̀, mo lè wọn aṣọ tó gbẹ̀jẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó ti ju mílílítà 500 lọ. Nínú omi, díẹ̀ á dà bí ọ̀pọ̀, ọ̀pọ̀ á sì dà bí díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí mo bá gbẹ̀bí fún ń jáde kúrò nínú ọpọ́n kí ibi ọmọ tó bọ́. Mo ti gbọ́ pé àwọn agbẹ̀bí mìíràn ń fi í sílẹ̀. Èmi kò ní fi í sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mò ń lé gbogbo yín padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Bíbímọ lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ kò túmọ̀ sí kí ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni Yorùbá ń pè é, a kò pè é ní ìdùbúlẹ̀ abiyamọ. Ẹ lè kúnlẹ̀, ẹ lè rá, ẹ lè lóṣòó, ẹ lè di ọrùn ọkọ yín mú. Ìdajì ohun tí ẹ ń wá lọ sínú omi, ìyẹn pé kí ara yín ní àyè, wà lórí ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí agbẹ̀bí yín bá mọ iṣẹ́.

Ẹni kẹta tó fi fídíò hàn mí lóṣù yìí, n kò bá a fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo mú okùn kan jáde nínú àpótí, ogójì sẹ̀ǹtímítà. Mo ní kó jókòó sílẹ̀, kó fi itan di orí kan mú, kó wá fa orí kejì wá sí àyà rẹ̀. Ó fà á. Okùn náà le tantan, kò dé ọmú. Ó wo okùn, ó wò mí, ó sì béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè lọ́wọ́ mi lọ́dún yìí: "Màmá, ta ni yóò máa di eléyìí mú lọ́jọ́ náà?"

Oyún rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ 34. Ó ń padà bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ 36 láti wá wo ọpọ́n náà, kó sì fojú rí kílámpù méjì tí mo máa ń so mọ́ etí rẹ̀. Mo ti ní kó mú ọkọ rẹ̀ dání. Òun gan-an ni mo fẹ́ rí.