Ìjóná Àbọ̀: Ibi Tí Ooru Igi Ń Gbà Lọ

Ìjóná àbọ̀ ni a lè pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí igi wà nínú iná tí kò sì jó tán, tí apá kan ooru tó yẹ kó fún wa bá èéfín lọ. Ẹni tó bá ti dúró nídìí ààrò àwọn tó ń yan gàrí ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó ti rí i rí: wọ́n ti igi tútù sábẹ́ agbada, ìdí igi náà tó yọ síta ń hó ṣíí, ó ń yọ ìfófòó, ẹni tó ń fi àfọ́kù igbá ro gàrí sì ti gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí igi bá gbóná tó bí ìwọ̀n 200 sí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáàsì ló máa ń tú jáde, gáàsì yìí ló sì ń gbiná tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Ohun tó bá kù ni ẹ̀yinná. Kí gáàsì náà tó lè jó tán, ó gbọ́dọ̀ rí ooru tó pọ̀ àti afẹ́fẹ́ tó tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín ni yóò dà.

Omi ló ń jí ooru. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lè gbé omi tó ìdajì ìwúwo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a là, tí a sì tò síbi tí òjò kò dé tí atẹ́gùn sì ń gbà kọjá, lè wálẹ̀ sí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí kó dín sí i. Ooru tó ń sọ omi híhó di oru ju ìlọ́po márùn-ún èyí tó gbé omi tútù dé ibi híhó lọ, orí iná wa náà ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń wá. Àwọn àgbà a máa bú igi wọ́rọ́kọ́ pé òun ní ń da iná rú. Lójú tèmi, igi tútù tó gún régé burú jù ú lọ.

Àìtó afẹ́fẹ́ náà ń fà á. Ní ìgbèríko ilẹ̀ olótùútù bíi Kánádà, ààrò onírin tó ní ilẹ̀kùn àti páìpù èéfín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mú ilé gbóná. Ẹni tó bá dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ kí igi lè pẹ́ di òwúrọ̀ yóò rí i pé èéfín ń dì bí ọ̀dà mọ́ inú páìpù, ọ̀dà yìí sì lè gbiná lójijì. Ẹbí rẹ̀ ni dúdú tó ń rọ̀ lábẹ́ páànù ilé ìdáná wa.

Èyí tó léwu jù kì í tilẹ̀ rú èéfín. Nígbà ọyẹ́, ẹlòmíràn a gbé àdògán tó kún fún ẹ̀yinná wọ yàrá, a sì ti ilẹ̀kùn nítorí pé kò rí èéfín kankan. Ẹ̀yinná tí afẹ́fẹ́ kò tó ń tú kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́ksáìdì jáde, gáàsì tí kò ní àwọ̀ tàbí òórùn, tó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ni, oorun á máa kunni, ẹni tó bá sì ti sùn lè má jí mọ́. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó fún un: ìta ni kí àdògán wà.