Kí ló dé tí wọ́n fi ń lẹ ìyẹ̀fun mọ́ gíláàsì nítorí omi?

Àǹtí mi ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta. Mo sọ fún wọn pé oòrùn lè pa aró inú omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ, ó tilẹ̀ lè mú gáàsì jáde lára omi, ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ń ràn sí omi aró mi láti àárọ̀, kò mọ́. Kí ló kù?

Ó ku ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ titanium dioxide, èyí tó ń mú kí ọ̀dà funfun funfun. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun bíńtín inú rẹ̀ tó ń gbé iná mànàmáná, á ta kúrò ní àyè rẹ̀. Àyè tó ṣófo á já òmíràn gbà lára omi, ohun tó sì ti ibẹ̀ jáde á máa gé aró wẹ́wẹ́. Ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀ kì í tán.

Ṣé kí n dà á sínú ìkòkò aró ni?

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Hóró rẹ̀ kan lè má ju nànómítà 21 lọ. Ẹ to 1,000 jọ, kò tíì tó ìbú irun orí kan. Asẹ́ wo ló fẹ́ mú un? Omi á funfun bí omi ògì, ìyẹ̀fun á bá gọ́tà dé odò Ògùn, owó á bómi lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ nǹkan olómi, tí wọ́n á ri gíláàsì tàbí táìlì bọ̀ ọ́, tí wọ́n á sì yan án níbi ooru bíi 450°C kó lè di mú. Ó jọ ẹ̀kọ láfún tí ẹ ń fi ìyẹ́ adìyẹ kùn sára aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tiyín, ẹ fẹ́ kó ṣí nígbẹ̀yìn. Tiwọn kò gbọdọ̀ ṣí.

Kò wá sí àléébù ńkọ́?

Ó wà. Ojú kan péré ló fi ń kan omi, aró ló máa wá a wá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí omi ṣàn lé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lò kò sì ju bíi ìdá 5 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ oòrùn lọ. Omi aró tó dúdú kirikiri kò tilẹ̀ ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Lójú tèmi, omi ìṣanṣọ ìkẹyìn ló yẹ ẹ́.

O ní gáàsì náà ń jáde?

Háídírójìn ni. Ní 1972, ìròyìn jáde pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Fujishima àti Honda ní Jàpáàn tan ìmọ́lẹ̀ sí titanium dioxide inú omi, wọ́n fi wáyà so ó mọ́ irin platinum: ọ́síjìn jáde níhìn-ín, háídírójìn lọ́hùn-ún. Ní 2021, àwọn mìíràn níbẹ̀ ròyìn pátákó onígíláàsì tí wọ́n lẹ ìyẹ̀fun mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, tí gbogbo rẹ̀ fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 100 (100 m²), tí wọ́n tẹ́ sínú oòrùn. Agbára oòrùn tó di háídírójìn kò tó ìdá 1 nínú 100. Lórí pátákó yìí, gáàsì méjèèjì ń jáde pọ̀ lójú kan náà, iná ṣíún lè mú wọn bú gbàù, àfi kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ẹ má gbé e sítòsí ààrò tí ẹ fi ń ro ẹ̀kọ láfún o.