Pọ́ọ̀tù Wo Ni Fídíò Yìí Ń Gbà Jáde?

Bí ẹ bá ṣí àwòrán ètò tí àwọn ẹnjiníà yà sínú sọ́fítíwíà bíi Capella, àpótí àti ìlà lẹ máa rí. Àpótí ló sábà máa ń fa ojú mọ́ra. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlà ti kan ara àpótí lọ̀rọ̀ wà. Pọ́ọ̀tù nìyẹn, òun ló ń sọ ohun tí ẹ̀yà tí àpótí náà dúró fún lè fi ránṣẹ́ àti ohun tó lè gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú drone. Kámẹ́rà rẹ̀ ń ya fídíò, awakọ̀ tó wà nílẹ̀ ń wò ó, òun náà sì ń fi àṣẹ ránṣẹ́: yà sọ́tùn-ún, sọ̀kalẹ̀, padà sílé. Ìpele mẹ́ta ni Capella ń to fídíò yẹn sí. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣẹ́ "ya fídíò" ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí iṣẹ́ "fi fídíò hàn". Lẹ́yìn náà, ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ kìíní ń bá ẹ̀yà tó ń ṣe ìkejì sọ̀rọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, rédíò inú drone ń bá rédíò ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní pọ́ọ̀tù lórí àti nídìí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé fídíò lé ọ̀nà tó wà láàárín ẹ̀yà méjì, pọ́ọ̀tù iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí pọ́ọ̀tù ẹ̀yà ní ìhà méjèèjì, kí pọ́ọ̀tù ẹ̀yà náà sì bọ́ sórí pọ́ọ̀tù rédíò.

Ìhà kan ṣoṣo lẹlòmíì máa ń yẹ̀ wò. Àwòrán á dára lójú, kò sì sẹ́ni tó máa fura, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fa àkọsílẹ̀ wáyà jáde látinú rẹ̀, tí ìlà kan ò wá mọ ibi tó ń lọ.

Ti ìdojúkọ náà wà ńbẹ̀, ìyẹn bóyá nǹkan ń jáde ní pọ́ọ̀tù tàbí ó ń wọlé. Capella gbà kí pọ́ọ̀tù ẹ̀yà jẹ́ ti àbájáde, ti àbáwọlé, tàbí ti méjèèjì. Èyí tó ń ṣe méjèèjì ló rọrùn jù láti yàn, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ jàntìrẹrẹ. Lójú tèmi, ìmẹ́lẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà: fídíò kì í gòkè padà sínú kámẹ́rà. Àwọn tó ń lo SysML 1, èdè àmì tí àwọn ẹnjiníà fi ń ya irú àwòrán ètò yìí, máa ń fi àmì ~ sí pọ́ọ̀tù kan láti yí ìdojúkọ rẹ̀ padà, kí ìhà méjèèjì lè lo àpèjúwe kan náà. (Ẹ̀dà 1.3, tó jáde ní 2012, ti sọ pé ká má lo irú pọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní flow port mọ́. Ọ̀pọ̀ mọ́dẹ́ẹ̀lì ṣì ń gbé e kiri.)

Pọ́ọ̀tù mélòó ló tó? Kì í ṣe ọ̀kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tí a ń fi ránṣẹ́. Àwòrán á há. Ohun tí ẹ lè yí padà láìfọwọ́ kan èkejì, ẹ fún un ní pọ́ọ̀tù tirẹ̀. Fídíò àti àṣẹ awakọ̀ yẹ kó yàtọ̀ ní ìpele ẹ̀yà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rédíò kan náà ló gbé wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ rédíò yẹn, ẹ ó lè tọ́ka sí gbogbo ohun tó máa kàn.

Ẹ wá ka iye ọ̀nà tó kó sórí pọ́ọ̀tù rédíò yẹn. Bí "padà sílé" bá wà nínú wọn, ẹ bi ẹni tó ya àwòrán náà léèrè ohun tó máa gbé àṣẹ yẹn bí rédíò bá kú.