Ọmọ Ọ̀fà lágbára, kí ló dé tí wọ́n ń nà wọ́n nínú rugby?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ mi wà nínú ẹgbẹ́ rugby, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Ọ̀fà. Wọ́n síngbọnlẹ̀ ju àwọn ọmọ Ìlọrin tí wọ́n ń bá pàdé lọ, síbẹ̀ ìgbà gbogbo ni wọ́n ń nà wọ́n ní àlùbami. Bàbá rẹ̀ ní ọwọ́ ayé ni.

Ìdáhùn: Màmá, ayé kọ́ o. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ta ló fẹ́ bá wọn du agbára? Agbára yẹn gan-an ló ń tàn wọ́n jẹ. Bí wọ́n bá ti gbé ẹnì kan ṣubú, mẹ́jọ mẹ́sàn-án nínú wọn á rọ́ lọ sórí bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ẹran iléyá ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Èèyàn 15 péré ni ẹgbẹ́ kan ní. Bí mẹ́sàn-án bá dì mọ́ ojú kan, mẹ́fà ló kù tí yóò ṣọ́ pápá tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 70, ọ̀kan nínú wọn sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń retí bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá sókè.

Àwọn ọmọ Ìlọrin ní tiwọn, ẹni méjì mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ́ kó wọ ìjà náà. Bí bọ́ọ̀lù bá ti yọ, ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì, ọwọ́ kẹta, ó ti dé etí pápá. Nọ́ńbà 14 wọn ti na ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà 11 tiyín tó yẹ kó kojú rẹ̀ ńkọ́? Ó wà lábẹ́ òkìtì èèyàn láàárín pápá, ó ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ. Ọmọ yẹn á sáré wẹ́rẹ́, á fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀ lẹ́yìn ìlà góòlù: àmì 5. Bí wọ́n bá tún gbá a wọ àárín òpó, 2 sí i.

Ìbéèrè: Scrum, níbi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti ń forí korí, tí wọ́n ń ti ara wọn nítorí bọ́ọ̀lù, ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń borí.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ òfin àwọn tí kò tíì pé ọdún 19 ò jẹ́ kí wọ́n ti scrum kọjá mítà 1.5. Èrè ibẹ̀ ò tó nǹkan.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ọmọ mi kì í fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ títí wọ́n á fi dá a dùbúlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n lè jù ú sí, ọmọ tó sì dàgbà sórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lè máa rí ìyẹn bí ojo. Èmi ò dá a lẹ́bi ṣá. Àwọn tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá a sáré ní ìdọ́gba. Bó bá jù ú, ẹ̀yìn wọn ni yóò bọ́ sí. Kí wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n máa bá eré bọ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ìgbà yẹn ni ìtóbi wọn máa wúlò, torí ẹni tó wà lórí eré kì í ṣeé gbé ṣubú bọ̀rọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni kí n sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ ní bí ẹni méjì bá ti wà lórí bọ́ọ̀lù, kó má lọ mọ́. Kó gbójú sókè, kó ka àwọn tó dúró ní apá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dín, kó pariwo orúkọ ẹni tó wà nítòsí kó wá dí àlàfo náà kí bọ́ọ̀lù tó jáde.